Ẹ Bá Mi Kìlọ̀ fún Àwọn Tí Ń Nu Gíláàsì Mọ́tò

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé dé ní ìparí ọdún, tí ètè ń là, tí ara tọmọdé tàgbà ń funfun, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ìhà Chad, a máa bà lé gbogbo ohun tí ó bá sun ìta, kì í sì í yọ gíláàsì iwájú mọ́tò sílẹ̀. Awakọ̀ a jí ní òwúrọ̀ kùtù, a fa àkísà gbígbẹ yọ lábẹ́ ìjókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára apá nu gíláàsì náà lọ sókè sódò. Bí ìkánjú bá sì pọ̀, a kàn tan wáípà, a jẹ́ kí ó máa fá eruku náà ní gbígbẹ, ṣàà, ṣàà, títí yóò fi rí ọ̀nà. Ó rò pé ìmọ́tótó ni òun ń ṣe. Mo ń sọ ọ́ gbangba lónìí pé púpọ̀ nínú àpá tí ó wà lára gíláàsì ọkọ̀ wa, tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ogbó, àfọwọ́fà wa ni.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Friedrich Mohs, onímọ̀ òkúta ọmọ Jámánì, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1812, láti 1 dé 10, tí a fi ń mọ bí òkúta kan ti le ju èkejì lọ; gíláàsì kò ju nǹkan bí 5 àbọ̀ lọ lórí ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n òkúta quartz, tí ó pọ̀ jọjọ nínú iyanrìn àti nínú eruku ọyẹ́, dé 7, èyí tí ó le ni yóò sì ha èyí tí kò le tó o. Hóró iyanrìn tí ó há sáàárín àkísà àti gíláàsì ni ó ń ṣiṣẹ́ ibi náà, omi tí ì bá sì gbé e ṣàn lọ kí ọwọ́ tó kàn án kò ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ.

Wáípà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ni oòrùn ilẹ̀ wa ń pa kú: a gan, a fàya, irin a sì yọjú. Ẹ lọ dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí ń ná Èkó láti Ìwó Road, ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí gíláàsì rẹ̀: ilà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ni ẹ ó rí, láti ìsàlẹ̀ títí dé ọ̀gangan ibi tí ojú awakọ̀ ń gbà wòde, ó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń há sí i. Ní ọ̀sán, awakọ̀ lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí tírélà tan iná gíga bọ̀ níwájú; ìmọ́lẹ̀ náà a fọ́n ká lójú ilà yẹn, a di funfun báláú, ẹni tí ń sọdá títì a sì parẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kín ni a óò wá fi ṣọ́ orí gbogbo èrò tí ń bẹ lẹ́yìn awakọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ti fọ́ lójú?

Mo gbà pé àpá mìíràn ní oògùn. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pè ní cerium oxide, tí àwọn tí ń ṣe dígí awò-ojú fi ń dán iṣẹ́ wọn. Wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a fi aṣọ onírun máa yí i lórí gíláàsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi kò sì gbọdọ̀ gbẹ níbẹ̀, torí bí gíláàsì bá gbóná lójú kan, ó lè sán. Ṣùgbọ́n kí á mọ ohun tí ìyẹ̀fun yìí ń ṣe: kò dí ojú àpá, ńṣe ni ó ń jẹ gíláàsì tí ó yí àpá ká títí tí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpá fẹ́ẹ́rẹ́, tí èékánná ń gorí rẹ̀ kọjá láìdúró, a máa gbọ́ oògùn náà. Èyí tí èékánná bá há sí ti jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá takú pé òun yóò dán an tán, kòtò ni yóò gbẹ́ sójú gíláàsì, òpó iná tí ó dúró ṣánṣán yóò sì máa tẹ̀ lójú awakọ̀. Ẹni tí ó bá gbowó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀gangan iwájú awakọ̀ kò ṣe oníbàárà rẹ̀ lóore. Gíláàsì mìíràn ni kí ó ní kí ó lọ rà. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan gbójú lé, asán ni. Àbàwọ́n funfun tí omi kànga ń fi sílẹ̀ bí ó bá gbẹ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣí i kúrò.

Ibi tí òkúta láti ẹsẹ̀ tírélà bá ti ta lu gíláàsì kì í gbọ́ dídán rárá. Awẹ́ méjì ni gíláàsì iwájú, ike sì wà láàárín wọn, ọgbọ́n tí ó ti ọ̀dọ̀ Édouard Bénédictus ará Faransé wá, ẹni tí ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1903, tí ìgò náà fọ́ ṣùgbọ́n tí kò túká, nítorí ohun tí ó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí gíláàsì iwájú fi ń sán tí kì í tú sí wa lójú, nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ ń fọ́ wẹ́wẹ́. Àtè olómi ni à ń rọ sí ojú àpá bẹ́ẹ̀, kí eruku tó wọ inú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò: ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí yóò da omi tútù sí gíláàsì tí oòrùn ọ̀sán ti yan, yóò rí i tí ilà yóò sá láti etí kan dé èkejì, yóò sì gba ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Ládípọ̀ ní Múṣin lọ tòun ti owó ńlá, bí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò bá tíì dá a dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń da omi ọṣẹ sí gíláàsì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá, n kò sì ní bá ẹni tí ń ṣiṣẹ́ jà. Ṣùgbọ́n fóòmù tí ó ti nu ọ̀pọ̀ mọ́tò ṣáájú tiyín, tí wọ́n ń rì bọ inú bákẹ́ẹ̀tì kan náà láti àárọ̀, iyanrìn ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ fún ọmọ náà lówó, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má fọwọ́ kan gíláàsì yín. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ẹ ra rọ́bà wáípà tuntun kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sí búùtù, kí ẹ sì pàṣẹ fún dírẹ́bà yín pé àkísà kò gbọdọ̀ kan gíláàsì tí omi kò bá tíì kàn.