Ìwé Pátì Tó Wọ Ọjà Wa

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé gbé mì. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ṣe ìpàdé kẹ́yìn, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé páálí ìwé wọ ọjà, wọ́n ń pín in láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní ìpínlẹ̀ wa ni, ìwé tó ń dán, tí àwòrán kún inú rẹ̀ bámúbámú. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí bí ẹ bá gbé ìwé ti ẹgbẹ́ kejì wò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lójú ìwé kìíní, wọ́n ń ṣí afárá. Lójú ìwé kejì, wọ́n ń gba àwọn tó ya wá láti inú ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n ń dé fìlà fún wọn. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ ìbí alága, òkú ìyá ọ̀gá kan, ìkíni kú oríire lóríṣiríṣi. Ìgbà tí a ṣí i dé àárín, ojú ara wa la rí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ìyá ọjà wà lẹ́yìn àwọn gbágbágbá, wọ́n sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sábẹ́ àwòrán náà.

Àwòrán yẹn, a mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìjì gbé páànù apá ọ̀dọ̀ àwọn aláta lọ ni wọ́n yà á. Olóṣèlú kan wá kí wa kú àdánù, a jáde lọ pàdé rẹ̀ bí ọmọlúwàbí ti ń ṣe, ẹnì kan ní ká na ọwọ́ sókè, a sì nà án. Ọwọ́ tí a nà lọ́jọ́ náà ló wá di "a wà lẹ́yìn yín" lónìí. Páànù ọ̀hún ńkọ́? Àwa fúnra wa la dá owó, tí a pe káfíńtà, tí a kàn án padà. Ìyẹn kò sí nínú ìwé wọn.

Bó bá jẹ́ àwòrán lásán ni, à bá rẹ́rìn-ín kọjá. Àwọn alákàrà wa tilẹ̀ ti ń fi ìwé náà pọ́n àkàrà, epo ti bo ojú ọlọ́lá lójú ìwé kìíní. Ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá kan lápá ọ̀dọ̀ àwọn eléèlùbọ́ fi ká aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó gbé e wá fún akọ̀wé. Ó ní inú ẹgbẹ́ kejì ni ọkọ òun àti ọmọ òun wà, wọ́n ti ka ìwé náà nílé, wọ́n ní òun ti tà wọ́n. Ó ní ta ló bi òun léèrè kí wọ́n tó kọ orúkọ òun mọ́ ọn? A kò rí èsì fún un. Àwọn mẹ́rin mìíràn ti dá èsúsú dúró. Ẹ gbọ́ o, èsúsú! Bí ẹgbẹ́ ọjà bá fẹ́ tú, èsúsú ló máa ń kọ́kọ́ já. Owó tí a fi ń gbé ọjà, tí a fi ń san owó ilé ìwé, tí a fi ń gba ẹni tó bímọ sílẹ̀ ní ọsibítù, òun ni ìwé olójú-ìwé mẹ́jọ fẹ́ bà jẹ́ yìí.

Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ ọjà kì í ṣe ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa lè gba káàdì pátì tó bá wù ú, kó lọ sí ìpàdé wọn, kó jó, kó dìbò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan láti fi tọrẹ. Kì í sì í ṣe àwa nìkan la sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 221, sọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ polongo ìbò fún olùdíje kankan, kò sì gbọdọ̀ dá owó sí àpò ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí sí ìnáwó ìdìbò olùdíje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ká dá owó ankárá ká lè fi kí olóyè kan káàbọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i dáadáa.

Àwọn kan nínú wa á ní, bí a kò bá sún mọ́ wọn, wọn ò ní ṣe nǹkan kan fún wa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ọjà wò ó. Oníbàárà tó ti mọ̀ pé a kò ní ibòmíràn tí a óò tajà wa sí, ṣé ó máa ń san iye tí a pè? Á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú ni, á wá dá iye tó wù ú lé e.

Àwọn ìyá wa mọ èyí. Nígbà tí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, òfin kò fún obìnrin láyè láti dìbò rárá. Síbẹ̀ Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ̀, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, bá ẹgbẹ́ náà ṣe é. Kí ló fún un lágbára? Ọjà ni. Ní 1940, tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n wọ́ lọ bá aláṣẹ, ìjọba sì gbé iye náà sókè. L'Ábẹ́òkúta bákan náà, owó orí kan náà ló fa wàhálà tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní January 1949. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó kó àwọn obìnrin jọ nígbà náà, ó sin ẹgbẹ́ NCNC tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ní 1959 wọn kò fún un ní àyè láti díje lórúkọ ẹgbẹ́, ìgbà tó sì lọ dá dúró díje, wọ́n lé e. Irú obìnrin yẹn o! Àwa tí a ń ta tòmátò ńkọ́?

A kò sọ pé kí ìwé pátì má wọ ọjà mọ́. Ó ti pẹ́ tí olóṣèlú ti ń fi ìwé bá ará ìlú sọ̀rọ̀. 1949 ni Awólọ́wọ̀ dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀, kí Action Group tó dé ní 1951. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ní àwọn yóò fi ọmọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, tó dé oṣù kìíní 1955, ìyá tí kò mọ̀wé kà lè wo ọmọ rẹ̀ kó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó lọ sílé ìwé ni àbí kò lọ? Ìròyìn tí èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí nìyẹn. Irú rẹ̀ la fẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìwé wọn ì bá sọ. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 kan náà ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, dídá ọjà sílẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ti Àbújá wá máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Ìdájọ́ yẹn, ìròyìn ọjà ni! Pátì tó ní alága káńsù, tó ní kánsílọ̀, ṣé kò yẹ kó kọ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe sínú ìwé rẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa láràárọ̀, ibo ló ń lọ? Gọ́tà ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ti dí láti òjò èṣí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà ń lò, kò lómi, kò ní ilẹ̀kùn, ẹni tó lóyún nínú wa ń tọrọ àyè nílé onílé. Ẹ kọ ìyẹn síwájú ọjọ́ ìbí alága, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá a ò ní kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì pátì náà, pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú ìwé wọn tó ń bọ̀, ní àárín ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ gan-an. Ìyálọ́jà àti akọ̀wé fọwọ́ sí i. Èsì wọn, bó bá dé, ibí la óò tẹ̀ ẹ́ sí. Láti ìsinsìnyí lọ, àlejò òṣèlú yòówù tó bá fẹ́ ya àwòrán pẹ̀lú wa, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe lójú ìpàdé, pátì yòówù kó ti wá.

Ìyá wa lọ́dọ̀ àwọn eléèlùbọ́, aṣọ yín ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé o. A ò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbé e kí ìpàdé tó kàn tó dé, ẹ jọ̀wọ́, nítorí àyè yín ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.