Ẹ̀yinjú Lè Kìlọ̀ Nípa Kíndìnrín

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ìrànwọ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, owó náà yóò di 72,000 náírà, èyí tó ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, 70,000 náírà. Ohun tó sàn jù ni kí a tètè rí àìsàn náà kó tó di ti ẹ̀rọ, ojú sì jẹ́ ibì kan tí a ti lè rí àmì rẹ̀.

Irú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan náà ló wà nínú awọ ẹ̀yìn ẹ̀yinjú tí a fi ń ríran àti nínú asẹ́ tí kíndìnrín fi ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí ìtọ́jú, àwọn iṣan náà yóò bàjẹ́, wọn yóò sì máa jò. Nínú ojú, ẹ̀jẹ̀ àti omi ni yóò jò. Nínú kíndìnrín, púrótéènì ni yóò jò sínú ìtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìrora rárá.

Ṣùgbọ́n dókítà tó bá fi iná wo ẹ̀yìn ẹ̀yinjú lè rí àwọn iṣan náà kedere láìfi ọ̀bẹ kan ara. Àmì tó bá rí kò túmọ̀ sí pé kíndìnrín ti bàjẹ́ dandan; ìdí ni ó jẹ́ láti yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò kíákíá.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ṣe àyẹ̀wò ojú, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó sì mú èsì tí dókítà ojú fún un lọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa àyẹ̀wò wọ̀nyí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi ojú ṣọ́ kíndìnrín wa.