Ẹ Fún Tai Solarin Ní Títì Kan ní Àgọ́-Ìwòyè

Àwa tí à ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, a mọ bí títì ṣe ń gba orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ló ni ín, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní kọ́nà, tàbí olóṣèlú tó bá gbẹ́ góta kan. A ò bá onílé jà o. Tíṣà ńkọ́?

Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí káńsù Àríwá Ìjẹ̀bú fi orúkọ Tai Solarin sọ ọ̀kan nínú àwọn títì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà ní ìlú yìí. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún wa pé Abẹ́òkúta ló lè pàṣẹ ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti sọ ọ́: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni sísọ títì lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé. Ní 2025, ẹ rí bí alága Bàrígà ní Èkó ṣe yí orúkọ ibùdókọ̀ Charly Boy padà sí Baddo, ìnagijẹ Olamide. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan bínú, ṣùgbọ́n káńsù ló ṣe é.

Wọ́n á ní ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ni, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1922. Ṣùgbọ́n ní 1952, Ìjẹ̀bú-Igbó tó múlé gbè wá ló wá, ó di ọ̀gá àgbà Molusi College. Ó ní kí wọ́n dá orin ìsìn àti àdúrà àárọ̀ dúró ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Dípò kó gbé ẹnu mì kó máa gbowó oṣù lọ, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Agbègbè wa yìí ló ti kúrò. Àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè, àbí?

Èyí tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ gan-an ni pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó dáa. Nígbà tí Gowon ní òun ò ní gbé ìjọba fún alágbádá ní 1976 mọ́, ta ló kọ̀wé pé òpin ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí Buhari gorí àlééfà, ta ló wọ ẹ̀wọ̀n ní 1984 tó sì lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀, torí ó ní kí ológun padà sí bárékè? Ọkùnrin onípéńpé yìí kan náà ni. Ó lálèébù: ní 1989 ó gba ipò alága People's Bank lọ́wọ́ Babangida, ológun bíi tàwọn tó kù. Àwa náà ṣì ń bá ara wa jiyàn lórí ìyẹn. Síbẹ̀, títì kì í ṣe pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ á rìn ín, ẹni tí kò gbà á gbọ́ á rìn ín.

Àwọn mìíràn á ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 2005. Ṣé ẹ rántí 2012? Ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ tiwa níbí, díẹ̀ ló kù kí orúkọ náà pòórá kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yunifásítì, orí fọ́ọ̀mù la ti ń kọ ọ́. Orúkọ títì ni ìyá ẹlẹ́wà máa ń pè, òun ni ọlọ́kadà máa ń ké, òun ni ọmọdé máa ń fi júwe ilé wọn, títí tọ́mọ náà á fi bèèrè pé, "Ta ni Tai Solarin?"

Ní oṣù kìíní ọdún 1964, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn, ó fi gbàdúrà ọdún tuntun pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé rí págunpàgun. Ọ̀nà tiwa ti gba àdúrà yẹn kọjá bó ṣe yẹ. Kí wọ́n da ọ̀dà sí i kí wọ́n tó ri pátákó mọ́ ọn o, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí orúkọ ìlú wa lórí ẹ̀.