Ta Ni Yóò Ṣe Ògbufọ̀ fún Obìnrin Náà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀bi rẹ̀ kan àwa aṣojú yín pàápàá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú wọṣẹ́ tòun ti ojú wíwú. Kòtòkólí ni, Mùsùlùmí láti Tógò. Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń nájà lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé wa tó, ni a bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin ìlú rẹ̀ kan kó wá túmọ̀. A rò pé a ṣe dáadáa. A kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ohun tó sọ ti dé etí ọkọ. Ọjọ́ mẹ́ta la kò rí i, iléeṣẹ́ sì yọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Kò tún bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Àánú nìkan kò tó. Ọmọ Ìkòròdú tí ọkọ ń lù lè sá lọ sílé bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin tó ti òkèèrè wá ńkọ́, tó jẹ́ pé ará ọkọ ni gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ níbí, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà nínú àpótí ọkọ? Ẹ̀rù àgọ́ ọlọ́pàá ń bà á ju ẹ̀rù ọkọ lọ. Obìnrin ni kó máa túmọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kó sì yàn án. Bó bá kọ ẹni tí a mú wá, a kò gbọdọ̀ bi í ní ìdí.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀sìn ló ní kó fara dà á. Àwa Mùsùlùmí inú ẹ̀ka yìí, tí a pọ̀ ní Ẹpẹ́, ni ká kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Nínú Súrà Báqárà, gbígbé pọ̀ pẹ̀lú dáadáa tàbí ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú dáadáa ni ọkọ ní. Kò sí ẹ̀kẹta. Aya Thabit ọmọ Qays lọ bá Ànábì pé òun kò lè bá ọkọ òun gbé mọ́. Ó dá ọgbà tí ọkọ fi ṣe sọ̀dáàkì padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ bi ààfáà yín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ náà má sọ fún un pé kó ṣí ìbòrí tàbí kó pa ìrun rẹ̀ tì. Ààbò ló wá gbà, kò ní ká gba ẹ̀sìn òun.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 lórí ìwà ipá inú ilé kò bèèrè bóyá kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó tàbí wọ́n so yìgì. Adájọ́ lè pàṣẹ kí ọkọ kúrò nílé. Ẹlòmíràn sì lè bá obìnrin náà gbé ẹjọ́ lọ, bí ó bá fọwọ́ sí ìwé. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ DSVA, tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ ní 2021, ni 08000333333. Mirabel Centre nínú ọgbà LASUTH ní Ìkejà ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láti 2013, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n láti Ẹpẹ́ dé Ìkejà, ta ni yóò san owó ọkọ̀? Àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni kó san án, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìpàdé.

Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti ILO ní 2022, èyí tó gbà pé ìyà inú ilé ń tẹ̀lé ènìyàn dé ibi iṣẹ́. Bí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká béèrè ìsinmi tí wọn kò ní yọ owó rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ ọ̀nà Ìtòíkín, bí obìnrin bá wọkọ̀ yín ní ìdájí pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, ẹ má pariwo lé e lórí owó. Bí ọkùnrin kan bá sì wá sí gáréèjì lọ́jọ́ kejì pé níbo ló ti sọ̀kalẹ̀, ẹ ní ẹ kò rí i.