Kí Owó Kòkó Tó Tán Lọ́wọ́

Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ní kòkó lóko ní agbègbè Ìrèsì àti Ìgbájọ ní Ọ̀ṣun rọ́wọ́ họrí: ẹni tó kọ́lé kọ́lé, ẹni tó ra ọ̀kadà rà á. N ò bá wọn jà o. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló yọ ti ìlera sọ́tọ̀? Ní 2025, kòkó ti tún ń já wálẹ̀.

Ẹni tó ti gbọ́njú ní 1986 á rántí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìgbà náà. Ìjọba Babangida tú àjọ tó ń ra kòkó ká, wọ́n sì já náírà sílẹ̀. Owó kòkó ròkè, àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn wa ti ń wá, dọ́là la fi ń rà á. Owó oògùn náà bá ròkè, ọ̀pọ̀ dókítà wa sì kó lọ sí Saudi Arabia, lásìkò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera, ń làkàkà kí ilé ìlera alábọ́ọ́dé lè dé ìgbèríko.

Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí ní 2023. Ní oṣù karùn-ún, ìrànwọ́ orí epo lọ. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tún já náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ilé-iṣẹ́ apoògùn GSK, tó ń ta oògùn fún wa láti ọdún gbọọrọ, kéde pé àwọn ń lọ. Náírà tó já tó sì bu kún owó àgbẹ̀, òun náà ló bu kún owó oògùn.

Ẹ wá wo ìdí káńtà kẹ́míìsì. Ẹni tí dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ á ní kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé hóró mẹ́rin fún òun. Ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ ló ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ lè ru gan-an kí orí má fọ́ni rárá. Bí rọpárọsẹ̀ bá wá dé, oko kòkó yẹn gan-an ni wọn yóò fi dógò láti sanwó ọsibítù.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò ìlera. Ọjọ́ tí ẹ bá wọn kòkó, kí ankárá tó gba tirẹ̀, ẹ san ti ọdún kan fún ara yín, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ọjọ́ tí ara le ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lówó, òfin ìlera ti 2014 ya owó kan sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún irú wọn. Ẹ béèrè ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, ẹ gbé ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.