Ooru tí wọ́n ń tú dànù, àwa là ń sanwó rẹ̀

1/ Tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé kò sí ẹ̀rọ tó lè dín epo tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń fi ṣòfò kù, irọ́ ni. Ẹ̀rọ wà tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ta-ló-máa-sanwó ló dá a dúró. Ẹ tẹ̀lé mi 🧵

2/ Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wà lára àwọn tó mọ epo lò jù láyé. Síbẹ̀, nínú lítà 100 tó bá jó, agbára bíi 50 péré ló ń ti ọkọ̀ lọ. Bíi 25 ń bá èéfín gòkè lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ń bá omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù lọ.

3/ Ṣé ó ṣeé gbà padà? Dáadáa! Wọ́n á da èéfín gbígbóná yẹn gba ara páìpù omi kọjá. Omi á hó, ooru omi á yí tọ́báìnì, iná mànàmáná dé nìyẹn. Ọkọ̀ Emma Mærsk ti gbé irú rẹ̀ wọ omi ní 2006. Ẹlòmíì nínú yín ò tíì dáyé nígbà yẹn o!

4/ Lórí ọkọ̀ tó tóbi, ó lè dín epo kù tó bíi 10%. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jó ju tọ́ọ̀nù 100 lọ lójúmọ́ tó bá ń sáré. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

5/ Kí ló wá dé? Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa ra ẹ̀rọ. Tó bá ti fi ọkọ̀ háyà, ẹni tó háyà á ló sábà ń ra epo. Lańlọ́ọ̀dù wo ló máa ra sólà kí owó jẹnẹrétọ̀ ayálégbé lè dínkù?

6/ Àwọn kan á ní ọkọ̀ ti ń rọra rìn báyìí, ooru èéfín ti dínkù. Òótọ́ ni. Èéfín ò sì gbọdọ̀ tutù jù, kí ásíìdì má baà jẹ páìpù. Mi ò sọ pé ẹ gba gbogbo ẹ̀. Èyí tó ṣeé gbà ni kẹ́ ẹ gbà!

7/ Kí ló kàn wá? Owó epo wà nínú owó ẹrù tó ń wọ Apapa àti Lekki. Owó ẹrù wà nínú owó fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ọkọ̀ ojú omi ló sì ń tú bíi 3% èéfín tó ń mú ayé gbóná síta.

8/ Àjọ IMO ti ṣèlérí pé tó bá fi máa di nǹkan bíi 2050, àròpọ̀ èéfín yẹn á ti di òdo (net-zero). Ìlérí nìkan ò tó. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn háyà: kí ẹni tó ń ra epo pín èrè fún ẹni tó ra ẹ̀rọ.

9/ Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Àwọn ló ń jẹ ata yìí o. Kí ló dé tó jẹ́ ìdí tiwa ló ń gbóná?