RAM 3200 tẹ́ ẹ rà yẹn, ìdúró rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá lónìí. Ó kan ẹ̀yin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun: ẹ̀yin tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, ẹ̀yin tó ń ṣe ìwé ìpè àti báńà, ẹ̀yin oníṣirò owó. Ó sì kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń yọ yín lẹ́nu pé kẹ́ ẹ ra RAM tuntun fóun.

Bí èèyàn bá wọ Banex tàbí Emab ní Wuse 2, tó ní òun fẹ́ ra RAM, ìbéèrè méjì péré ló sábà máa ń wáyé: "Gíìgì mélòó?" àti "2400 àbí 3200?" Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ á ní 3200, torí pé 3200 ju 2400 lọ, ó parí. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn ò pé. Nọ́ńbà kan ṣì wà tí a kì í béèrè, òun ló sì máa sọ bóyá owó tá a fi lé e máa mú nǹkan kan bọ̀ fún wa. CL ni wọ́n ń pè é.

Bí processor bá fẹ́ mú nǹkan nínú RAM, kì í rí i gbà lójú ẹsẹ̀. Ó máa béèrè, á dúró, kí RAM tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde. Nọ́ńbà ńlá yẹn, 3200, ń sọ bí RAM ṣe ń yára kó ẹrù tó bá ti bẹ̀rẹ̀. CL ló ń jẹ́ ká mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo mọ́tò méjì ní Kubwa tó ń lọ sí Berger. Ọ̀kan ń sá eré burúkú lójú títì, ṣùgbọ́n ó ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dúró de èrò. Èkejì rọra ń lọ, àmọ́ ó ti gbéra tipẹ́. Èwo lẹ máa wọ̀ bẹ́ ẹ bá ti ń pẹ́ níbi iṣẹ́?

Ẹ fara balẹ̀ o, torí ibí yìí làwọn ọmọ tó gbọ́ díẹ̀ nípa ẹ̀ ti máa ń ṣi wá lọ́nà. Wọ́n á ní CL kékeré ló dáa ní gbogbo ìgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. CL kì í ṣe àsìkò, iye ìṣísẹ̀ ni. Ìṣísẹ̀ RAM tó yára kúrú ju ti èyí tí ò yára lọ, bí ìṣísẹ̀ ọmọdé ṣe kúrú ju ti bàbá ẹ̀. Bí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ 16, tí ọmọ gbé 18, ibì kan náà ni wọ́n lè dúró sí.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ẹ sọ CL di ìlọ́po 2000, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà ńlá pín in. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni ìdúró rẹ̀ ní nanosecond. Nanosecond kan ni téèyàn bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. RAM 3200 tí CL rẹ̀ jẹ́ 16 ń dúró fún 10. 3600 tí CL rẹ̀ jẹ́ 18, 10 náà ni. Ìdúró wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n 3600 ń kó ẹrù jù: 28.8 gíìgì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí 3200 ń kó 25.6. Bí iye owó wọn bá jọra, 3600 ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má wo CL kékeré lójú. Àmọ́ 3200 míì wà tí CL rẹ̀ jẹ́ 22. Ìyẹn ń dúró fún 13.75. Orúkọ kan náà, 3200, ló wà lára méjèèjì o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ya èmi gan-an lẹ́nu. DDR3 àtijọ́, 1600 tí CL rẹ̀ jẹ́ 11, 13.75 lòun náà ń dúró. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni. Eré ti di ìlọ́po méjì láti DDR3 sí DDR4, ìdúró ò kúrò lójú kan. DDR5 tí gbogbo èèyàn ń pariwo ńkọ́? 4800 tí CL rẹ̀ jẹ́ 40 ń dúró ju 16 lọ. Lóòótọ́, ẹrù tó ń kó kọjá kékeré, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ẹ̀ ló yá ju ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ 6000 pẹ̀lú CL 30 ló padà dé orí 10, àpò yín á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ó dáa, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lò. (Tòkunbọ̀! Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n sọ di ti gbogbo ọjà.) Bẹ́ ẹ bá yọ RAM inú ẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà lẹ́yìn nọ́ńbà tó wà lára bébà ara ẹ̀: 2133P, 2400T, 2666V, 3200AA. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ìdúró ló ń sọ. P ni CL 15, T ni 17, V ni 19, AA sì ni 22. Ẹ ṣírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn á máa rìn yí 14 ká. Ìyẹn ni pé bẹ́ ẹ bá kúrò lórí 2400T bọ́ sórí 3200AA, eré ìkẹ́rù nìkan lẹ rà.

Eré yẹn pàápàá, ṣé ẹ̀rọ yín lè sá a? HP EliteBook 840 G5 àti ThinkPad T480 tí Intel ìran kẹjọ wà nínú wọn, 2400 ni wọ́n mọ. Kẹ́ ẹ ki 3200 bọ̀ ọ́, á rọra já wálẹ̀ sí 2400. Owó tẹ́ ẹ fi kún un ti lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín, torí pé ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibi tí mo ní kówó yẹn lọ ni ẹyọ kejì. Ihò méjì ló wà nínú àwọn láptọ́ọ̀pù méjèèjì yẹn. Ẹyọ 8 méjì sàn ju ẹyọ 16 kan ṣoṣo lọ, torí pé ọ̀nà méjì ló là fún processor dípò ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tí ò ní graphics card tirẹ̀, inú RAM yìí náà ló ti ń ya àwòrán, nítorí náà ẹni tó ń gé fídíò á tètè rí ìyàtọ̀. Kí gbogbo èyí tó wáyé, ẹ kọ́kọ́ rí i pé gíìgì yẹn tó. Bí RAM bá kún, Windows á máa sáré lọ sínú SSD, SSD tó yára gan-an sì ń dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún nanosecond. Ẹni tí 8 gíìgì rẹ̀ kún dẹ́nu, tó wá ń jiyàn lórí 10 àti 14, kí ló ń ṣe gan-an?

Àwọn ọmọ tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa bá mi jà, mo mọ̀. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ìdúró ń hàn nínú géèmù. Àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti tan XMP nínú BIOS, tàbí EXPO bó bá jẹ́ AMD tuntun. Ọ̀pọ̀ ló ra 3600 tó ń sá 2133 látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, torí pé wọn ò tàn án. Ní ti ẹ̀rọ tó ń bọ́ ilé, mi ò fara mọ́ kéèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ fún CL pọ̀ ju ohun tí ilé iṣẹ́ kọ síbẹ̀. Àṣìṣe kékeré nínú RAM lè ba fáìlì ìgbéyàwó oníyàwó jẹ́, kò sì ní pariwo kó tó bà á jẹ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà kò pọ̀. Rìsíìtì tí wọ́n bá kọ "RAM 8GB" sí lásán kò tó. Kí wọ́n kọ DDR mélòó, nọ́ńbà eré, CL, àti iye ẹyọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, bébà á bá yín sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi CPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá gbé 1200 jáde fún RAM 2400, ẹ má bá ọlọ́jà jà o: ìdajì ló máa ń fi hàn, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń kó ẹrù nínú ìṣísẹ̀ kan.